Kí A Tó Fi Omi Ṣe Ẹ̀ṣọ́ Àgbàlá Wa

  Láti ìgbà tí a ti kọ̀wé nípa òdòdó gbígbìn sí àyíká ilé ni ìbéèrè kan ti ń tẹ̀lé wa kiri, nínú lẹ́tà àti lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn ìsìn: "Báwo ni a ṣe lè ṣe omi tí ń tú jáde sí àgbàlá wa, irú èyí tí a ń rí níwájú òtẹ́ẹ̀lì àti ilé àwọn olówó?"

Ìbéèrè náà dára, a ó sì dáhùn rẹ̀ lónìí. Kì í ṣe olówó nìkan ló lè ṣe é. Ẹni tó ní ìkòkò amọ̀ kan, agbada ike kan, òkúta wẹ́wẹ́ àti pọ́ǹpù kékeré lè ní omi tí ń dún wínníwínní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó sọ bí a ṣe ń ṣe é, a fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwa fúnra wa. Ojú tì wá láti kọ ọ́, àmọ́ bí a bá fi pa mọ́, a ò ṣe yín lóore.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ ÀGBÀLÁ WA

Nígbà tí a parí ilé wa, a gbẹ́ adágún kan sí iwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 2, ìbú rẹ̀ mítà 1 àbọ̀, jíjìn rẹ̀ kò sì ju sẹ̀ǹtímítà 45 lọ, ìyẹn bíi ìwọ̀n orúnkún àgbàlagbà. Bíríkìlà rẹ́ ẹ dáadáa, a to òkúta yí i ká, a fi pọ́ǹpù sí i kí omi lè máa tú sókè. Nírọ̀lẹ́, bí a bá ti jẹun tán, gbogbo wa a jókòó tì í. Àwọn àlejò a ní, "Ẹ kú ìnáwó o, ilé yín dùn ún wò." Inú wa a sì dùn.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ̀rọ iná àdúgbò wa bàjẹ́. A wà nínú òkùnkùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Jẹnẹrétọ̀ tí a ń tàn fún wákàtí méjì lálẹ́, ti fìríìjì àti ti omi mímu ni, a ò ronú kan pọ́ǹpù adágún. Omi náà dúró. Ó di aláwọ̀ ewé. Ojoojúmọ́ ni a ń sọ fún ara wa pé, "Lọ́la ni a ó gbọ́n ọn." Ìgbà tí a fi máa wo inú rẹ̀, tanwíjí ti kún un bí ẹni da ìyẹ̀fun sí i. Àbíkẹ́yìn wa bẹ̀rẹ̀ sí gbóná lálẹ́ ọjọ́ kan. Nígbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ibà ẹ̀fọn ni. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, ọmọ méjì nínú ilé tó múlé gbè wá dùbúlẹ̀ àìsàn kan náà. A ò lè búra pé ẹ̀fọn inú adágún wa ló bù wọ́n jẹ, ṣùgbọ́n a ò lè búra pé òun kọ́.

Ìyẹn kò tíì kọ́ wa lọ́gbọ́n tó. Iná padà dé, a gbọ́n adágún náà, a pọn omi tuntun sí i. Lọ́jọ́ Sátidé kan, a ń se oúnjẹ ìkómọ fún ẹnì kan nínú ìjọ, èrò sì pọ̀ nílé. Ìyá àgbà kan jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Lójijì, ó gbójú sókè, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ọmọ kékeré tó ń rìn kiri níbí lẹ́ẹ̀kan dà?" Ọmọ aládùúgbò wa ni, kò tíì pé ọdún méjì. Kò sí ẹni tó gbọ́ igbe, kò sí ẹni tó gbọ́ kí omi dún. Àfi bí a ṣe rí i tó da ojú bolẹ̀ nínú adágún tí kò ju orúnkún wa lọ.

A fà á jáde. Ó wúkọ́, ó pọ omi, ó sì ké. Nínú gbogbo orin tí a ti gbọ́ láyé wa, a ò tíì gbọ́ èyí tó dùn tó igbe yẹn. Ìyá rẹ̀ kò bá wa jà. Ó kàn gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ń gbọ̀n, ó ní, "Ẹ ṣeun o, ẹ ṣeun." Ọpẹ́ tó dú wa yẹn dùn wá ju èébú lọ.

Ìyá àgbà náà ló sọ ọ̀rọ̀ tí a ò gbàgbé títí di òní. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, lóòótọ́ ni wọ́n ń sọ pé omi kò lọ́tàá. Ṣùgbọ́n omi kò mọ ọmọdé."

KÌ Í ṢE ÀṢÀ ÒKÈÈRÈ NÌKAN

Àwọn kan rò pé ṣíṣe omi sí àgbàlá jẹ́ àṣà tí a kó wá láti òkèèrè. Kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Àwọn baba wa kọ́ agbo ilé tí òrùlé rẹ̀ da ojú kọ àgbàlá àárín. Bí òjò bá rọ̀, omi a ti orí òrùlé ṣàn wá sí àárín náà, àwọn obìnrin ilé a gbé ìkòkò sí abẹ́ ọ̀sọ̀rọ̀ láti gbe omi, èyí tó bá kù a gba ojú àgbàrá jáde. Ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n fi àpáàdì tí wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ́ ilẹ̀ àgbàlá àti ojú ọ̀nà kí ẹsẹ̀ má baà máa rì sínú ẹrẹ̀. Ìtàn ìlú náà sì sọ pé Lúwòó, Ọọ̀ni obìnrin, ló pàṣẹ rẹ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn ṣì ń rí àpáàdì wọ̀nyẹn títí di òní.

Ẹ kíyè sí ohun tí àwọn àgbà wọ̀nyẹn ṣe: wọ́n gbà kí omi wọlé, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe ọ̀nà tí yóò gbà jáde. Omi inú ìkòkò, wọ́n ń lò ó, wọ́n ń dé e. Wọn kò jẹ́ kí ó kàn dúró. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà.

ÌBÉÈRÈ MẸ́TA TÍ A GBỌ́DỌ̀ DÁHÙN

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọkọ́, kí tọkọtaya jókòó kí wọ́n bi ara wọn ní ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí.

Èkíní: Ta ni yóò dé ibẹ̀? Ẹ má ṣe ka ọmọ tiyín nìkan. Ẹ ka ọmọ aládùúgbò, ọmọ àlejò, ọmọ ọmọ tó ń bọ̀ wá lo ìsinmi. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, pàápàá láti ìgbà tó bá ti ń rá kòrò títí dé ọdún mẹ́ta, lè kú sínú omi tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, ìyẹn íńṣì 2. Ìdí ni pé orí rẹ̀ wúwo púpọ̀ ní ìfiwéra pẹ̀lú ìyókù ara rẹ̀; bó bá ti fi orí lọ, kò ní agbára láti gbé e sókè. Bẹ́ẹ̀ ni kì í pariwo, nítorí ẹni tí omi wọ̀ lẹ́nu kò lè ké. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ló ń gbà. Nítorí náà, ẹ má ṣe sọ pé, "A ó gbọ́ bó bá ṣubú."

Èkejì: Ṣé omi náà yóò dúró? Láti 1897, nígbà tí dókítà Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn ní ilẹ̀ Íńdíà, ni ayé ti mọ bí ẹ̀fọn ṣe jẹ́ sí ibà. Abo ẹ̀fọn a máa yé sórí omi tó dúró. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ẹyin a pa, tanwíjí a jáde. Nínú ooru ilẹ̀ wa, ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ti tó kí ó di ẹ̀fọn tí ń fò. Nígbà tí William MacGregor, tí òun náà jẹ́ dókítà, di gómìnà Èkó ní 1899, ó mú un ní iṣẹ́ pàtàkì pé kí omi àbàtà máa rí ọ̀nà ṣàn lọ, ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́ orúkọ kánáàlì MacGregor. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti dàgbà tó láti rántí wolé-wolé, ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń ṣí ìkòkò omi wò, tí wọ́n bá sì rí tanwíjí, ọ̀rọ̀ di ti kóòtù. Ìyà kọ́ ni wọ́n fẹ́ fi jẹ wá. Ẹ̀mí wa ni wọ́n ń dáàbò bò. Ẹ̀fọn mìíràn tún wà tí ń yé sínú agolo, táyà àti ìkòkò òdòdó, ara rẹ̀ dúdú pẹ̀lú ilà funfun, ọ̀sán ló sì sábà máa ń jẹni. Òun ló ń gbé ibà pọ́njú kiri. Ní 1987, ibà pọ́njú yìí jà nínú àwọn ìlú kan ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ẹ̀kẹta: Ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀? Kì í ṣe ní oṣù kìíní tí inú gbogbo wa ń dùn. Ní oṣù kẹjọ, nígbà tí iná ò sí, tí àwọn ọmọ wà ní ilé ẹ̀kọ́, tí bàbá rìnrìn àjò, ta ni? Bí ẹ kò bá lè dárúkọ ẹnì kan pàtó, ẹ má ṣe gbẹ́ adágún. Ẹ gbin òdòdó, ó tó.

Òfin Mósè, nínú ìwé Deutarónómì orí 22, ti sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó kọ́ ilé tuntun pé kí ó mọ ògiri kékeré yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà jábọ́ láti ibẹ̀. Onílé ni ọ̀rọ̀ náà bá wí, kì í ṣe àlejò tó ṣubú. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi àgbàlá wa rí: ẹni tó gbé e síbẹ̀ ni yóò ṣọ́ ọ.

ÌSUN ORÍ ÒKÚTA: FÚN ILÉ TÓ NÍ ỌMỌ KÉKERÉ

Bí ọmọdé bá ń rìn nínú àgbàlá yín, èyí ni a dábàá. Omi yóò máa tú, yóò máa dún, ṣùgbọ́n kò ní sí ibi tó dúró tí ọmọ lè ri ojú sí. Òun ni àwa fúnra wa ṣe nígbẹ̀yìn, lẹ́yìn tí adágún wa ti wà ní òfìfo fún ọdún kan ó lé.

Ẹ wá agbada ike tó nípọn, tó lè gba lítà 80 sí 100. Ẹ gbẹ́ ihò, kí ẹ sì rì í mọ́lẹ̀ títí etí rẹ̀ yóò fi bá ilẹ̀ dọ́gba. Ẹ gbé bíríkì kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì gbé pọ́ǹpù lé e lórí, kí ìdọ̀tí tó bá rọ̀ sílẹ̀ má baà dí i. Pọ́ǹpù tó lè gbé lítà 300 sí 500 ní wákàtí kan ti tó.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ní kí wẹ́dà jó ọ̀pá irin pọ̀ bí àwọ̀n, kí ó fẹ̀ ju ẹnu agbada náà lọ ní ìwọ̀n ọwọ́ kan níhà gbogbo, kí ó sì lágbára tó pé àgbàlagbà lè dúró lé e láìtẹ̀. Ẹ kun ún ní ọ̀dà kí ó má baà dípẹtà. Ẹ dán an wò fúnra yín: ẹ gun orí rẹ̀ kí ẹ fò. Ẹ tẹ́ nẹ́ẹ̀tì tí ojú rẹ̀ wẹ́ lé e, irú èyí tí a fi ń dí fèrèsé, kí ẹ̀fọn má baà wọlé.

Ó wá kan ìkòkò. Ẹ má ṣe dààmú lórí ìkòkò òkèèrè. Àwọn amọ̀kòkò wa ní Ìpetumodù àti ní àdúgbò Dada ní Ìlọrin ń mọ èyí tó rẹwà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ mú èyí tó ga tó orúnkún, kí ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú, kí ó má baà fọ́. Páìpù yóò ti ara pọ́ǹpù wá gba inú ihò náà sókè. Ẹ lẹ etí ihò náà pa, kí ẹ sì fi òkúta wẹ́wẹ́ kún inú ìkòkò náà títí dé ẹnu kí omi má baà ní ibi jíjìn nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ to òkúta sórí irin náà títí kò fi ní hàn mọ́.

Bí ẹ bá tan pọ́ǹpù, omi yóò kún láti inú ìkòkò, yóò máa ṣàn ní ara rẹ̀ lẹ́yìn, yóò bọ́ sáàárín òkúta, yóò sì padà sínú agbada. Omi kan náà ni yóò máa yí po. Bí ìkòkò amọ̀ bá ń làágùn díẹ̀, kò burú, inú agbada ni yóò ṣàn padà sí. Ohun tí ooru bá fà gbẹ nìkan ni ẹ óò máa fi omi dí. Nígbà ọyẹ́, ẹ lè máa bù sí i ní ọjọ́ méjì-méjì, nítorí pọ́ǹpù tí kò bá rí omi fà yóò jóná.

Bí iná bá lọ ju ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, ẹ gbọ́n agbada náà gbẹ. Ẹ má ṣe sọ pé "lọ́la", bí a ti sọ.

ADÁGÚN: FÚN ILÉ TÍ ÀWỌN ỌMỌ TI DÀGBÀ

Bí àwọn ọmọ yín bá ti dàgbà, tí ẹ sì fẹ́ adágún tó ní ẹja àti òṣíbàtà, ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ọgbà yí i ká ló tọ́, kí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 4, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì máa tì fúnra rẹ̀. Tàbí kí ẹ tẹ́ àwọ̀n irin bí èyí tí a sọ lókè sí abẹ́ ojú omi níbi tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú omi, kí ọmọ tó bá ṣèèṣì bọ́ sí i má baà rì.

Ibi tí ẹ óò gbẹ́ ẹ sí ṣe pàtàkì. Ẹ má ṣe gbẹ́ ẹ sí abẹ́ igi, nítorí ewé tó bá já bọ́ yóò jẹrà nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe gbẹ́ ẹ sí ojú àgbàrá, nítorí òjò kan ṣoṣo yóò gbé ẹja yín lọ, yóò sì gbé ẹrẹ̀ wá. Ẹ jìnnà sí kànga àti sọ́ọ̀kàwéè. Ibi tí oòrùn òwúrọ̀ ń dé tí ìbòòji sì wà ní ọ̀sán ló dára jù.

Ẹ ṣírò omi kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Adágún wa tí a sọ níṣàájú, mítà 2 ní ọ̀nà mítà 1 àbọ̀ ní ọ̀nà sẹ̀ǹtímítà 45, omi tó ń gbà jẹ́ lítà 1,350. Ìyẹn ni kẹ́ẹ̀gì onílítà 25, mẹ́rìnléláàádọ́ta! Bó bá jẹ́ pé ẹ ń ra omi, ẹ rò ó dáadáa. Omi òjò tí a gbè láti orí òrùlé ló dára jù fún iṣẹ́ yìí. Bí ó bá sì jẹ́ omi ẹ̀rọ tí wọ́n da oògùn kilórínì sí, ẹ jẹ́ kí ó wà ní gbangba fún ọjọ́ méjì kí ẹ tó kó ẹja sí i.

Símẹ́ńtì tuntun ń pa ẹja. Ẹ̀fun inú rẹ̀ ni yóò máa yọ́ sínú omi. Nítorí náà, lẹ́yìn tí bíríkìlà bá parí, ẹ pọn omi kún adágún náà, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ gbọ́n ọn, kí ẹ tún pọn òmíràn. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìkánjú níbí, òkú ẹja ni èrè rẹ̀.

Fún adágún tó tóbi tó báyìí, pọ́ǹpù tó lè gbé lítà 700 sí 1,000 ní wákàtí kan ti tó láti máa yí omi náà po. Ẹ rántí pé bí ẹ bá ṣe fẹ́ kí omi ga tó ni agbára pọ́ǹpù ṣe ń dín kù.

EWÉKO ÀTI ẸJA

Àwọn àgbà ní ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Àwọn méjèèjì rẹwà, ṣùgbọ́n wọn kò rí bákan náà fún adágún ilé. Òṣíbàtà ni kí ẹ gbìn. Ẹ gbìn ín sínú ìkòkò tó kún fún amọ̀, kí ẹ gbé e sí ìsàlẹ̀ omi. Ewé rẹ̀ yóò ṣíji bo omi, kò ní jẹ́ kí ó tètè di aláwọ̀ ewé.

Ojú oró ní tirẹ̀ ń bí sí i kíákíá, yóò sì bo omi pátápátá. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, irú ẹ̀fọn kan wà tí tanwíjí rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò ojú oró, ibẹ̀ ni ó ti ń fa afẹ́fẹ́ tó ń mí. Kì í yọjú sókè bí àwọn tó kù, nítorí náà ẹja kì í tètè rí i. Bákan náà, ẹ sá fún ewéko omi olódòdó àlùkò tí ó bo ọ̀sà wa. Ní 1984 ni wọ́n rí i wọ inú omi Bádágírì, ẹ sì wo ohun tí ojú àwọn apẹja àti ọlọ́kọ̀ ojú omi ti rí láti ìgbà náà.

Ní ti ẹja, àwọn wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní guppy ń jẹ tanwíjí dáadáa. Ọmọ ẹja ẹpìyà náà ń jẹ ẹ́. Ẹja àrọ̀ kò dára fún adágún ẹ̀ṣọ́: a máa wú ẹrẹ̀, a sì máa fò jáde lálẹ́ òjò. Oúnjẹ tí ẹja bá lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta ni kí ẹ fún un. Èyí tó bá ṣẹ́kù ń ba omi jẹ́. Bí ẹ bá rí i tí ẹja ń yọ ẹnu sójú omi láàárọ̀ kùtù, afẹ́fẹ́ inú omi ti dín kù. Ẹ tan pọ́ǹpù, kí ẹ sì dín ewéko kù.

Ẹ tún mọ̀ pé ibi tí omi bá wà, ọ̀pọ̀lọ́ yóò wá. Ibi tí ọ̀pọ̀lọ́ bá wà, ejò lè tẹ̀lé e. Ẹ jẹ́ kí àyíká adágún mọ́, kí koríko má ga níbẹ̀.

Bó bá jẹ́ àwo omi fún ẹyẹ lásán ni ẹ gbé síta, ẹ da á nù lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ara rẹ̀. Dídà nù nìkan kò tó, nítorí ẹyin ẹ̀fọn ibà pọ́njú máa ń lẹ̀ mọ́ ara àwo, ó sì lè wà ní gbígbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù kí omi tó tún kàn án, kí ó pa.

INÁ ÀTI OMI

Iná mànàmáná àti omi kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ẹ má ṣe so wáyà lásán mọ́ ara wọn, kí ẹ sì fi ọ̀rá wé e pé ó parí. Ẹ wá oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́. Ẹ ní kí ó fi ohun èlò tí ń já iná fúnra rẹ̀ sí i, tó jẹ́ pé bí iná bá fẹ́ bọ́ sómi, yóò pa á lójú ẹsẹ̀. Èyí tó tún dára jù ni pọ́ǹpù oní-fóòtì 12, tàbí èyí tí ń lo agbára oòrùn. Ti oòrùn kì í dúró de iná ìjọba. Lóòótọ́, kì í ṣiṣẹ́ lálẹ́ bí kò bá ní bátìrì, ṣùgbọ́n omi tó ń ṣàn ní ojoojúmọ́ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ sàn ju èyí tó dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Kí ẹ tó ti ọwọ́ bọ omi láti fọ ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ pa iná.

BÍ ỌMỌ BÁ BỌ́ SÓMI

A kò gbàdúrà rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo òbí ló yẹ kó mọ̀ ọ́n. Ẹ fà á jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì ké sí ènìyàn. Ẹ má ṣe gbé e sorí kodò, ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ níkùn, ẹ má ṣe fún un ní epo pupa mu. Gbogbo ìwọ̀nyí ń fi àkókò ṣòfò, wọ́n sì lè mú kí èébì gba ọ̀nà ọ̀fun. Bí kò bá mí, ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ tó le, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè díẹ̀, ẹ fẹ́ èémí sí i lẹ́nu àti nímú ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Bí kò bá tíì mí, ẹ máa tẹ àárín àyà rẹ̀ kíákíá ní ìgbà 30, kí ẹ tún fẹ́ èémí sí i ní ìgbà 2, kí ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Kí ẹlòmíràn pe 112, tàbí kí ó wá ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Kódà bí ọmọ bá ti jí tó sì ń ké, ẹ gbé e lọ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí a ṣe nìyẹn lọ́jọ́ tí a ń sọ yìí.

Ọmọ náà ti dàgbà báyìí. Ó ń wá sílé wa, kò rántí ohunkóhun. Nírọ̀lẹ́, a máa jókòó ti ìkòkò amọ̀ wa, a máa gbọ́ bí omi ṣe ń ṣàn sáàárín òkúta. Ó kéré sí adágún àkọ́kọ́, àlejò kì í sì í yìn ín tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé àdúgbò lè tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí i, kí wọ́n fi omi rẹ́ ara wọn lójú, kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má sì ní láti sáré dìde.

Bí ẹ bá ti ń ronú láti ṣe tiyín, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbéèrè mẹ́ta yẹn. Ẹ dáhùn wọn pọ̀, bàbá àti ìyá. Ní oṣù tó ń bọ̀, a ó sọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe ń gbe omi òjò pamọ́ sínú táǹkì láìjẹ́ kí ẹ̀fọn wọ̀ ọ́.

Títí di ìgbà náà, kí ilé yín tura, kí àgbàlá yín sì jẹ́ ibi ẹ̀rín.